Ìwé kóòtù Amẹ́ríkà wá bá ẹ̀gbọ́n mi: ṣé wọ́n pè é lẹ́jọ́ ni?

ỌmọTákìẹ́: Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston fi fọ́tò lẹ́tà kan sórí WhatsApp ẹbí. "United States District Court, Southern District of Texas" ló wà gàdàgbà lókè ẹ̀, "summons" wà nísàlẹ̀. Òun fi ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ìjọba ti wá òun rí. Màmá wa tí wọ́n ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Jagun ò mẹ̀fẹ̀. Wọ́n ti palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n ti gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ lọ. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ti wọ iṣẹ́ alẹ́. Mo tún rí "petit jury" àti "grand jury" nínú ìwé náà. Kí ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ?

Akọ̀wéKóòtù_Apàkè: Ọmọ mi, ní kí Màmá padà sídìí ẹ̀lùbọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni ò pe ẹ̀gbọ́n ẹ lẹ́jọ́; wọ́n ní kó wá ṣe júrì ni, ìyẹn aráàlú tí kóòtù ń pè wá gbọ́ ẹjọ́. Iṣẹ́ kóòtù ni mo fi fẹ̀yìntì, mo sì mọ̀ pé bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti rí sámáǹsì, ẹjọ́ ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Lọ́dọ̀ wa, adájọ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń dá a. Ti àwọn yẹn yàtọ̀. Wọ́n máa ń ṣa aráàlú jọ kí wọ́n wá gbọ́ tẹnu olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́. Ohun tí òfin wí ni adájọ́ máa là fún wọn. Ṣé ó ṣe é àbí kò ṣe é, ti júrì nìyẹn.

Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ wọn, District Court ni ìpìlẹ̀, 94 ni wọ́n. Ẹni tí ìdájọ́ ò bá tẹ́ lọ́rùn ní Texas á pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Fifth Circuit ní New Orleans. Kò sí júrì níbẹ̀ o. Lẹ́yìn ìyẹn ló ku Supreme Court, èyí tó máa ń ṣa ẹjọ́ tó bá wù ú gbọ́.

Ìsàlẹ̀Afọ́n_Texas: Bàbá ti là á. Èmi ti jókòó níbẹ̀ rí. Petit jury ni wọ́n sábà máa ń pè wá fún. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, èèyàn 12 ni, ohùn gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Grand jury kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: èèyàn 16 sí 23 á gbọ́ ti lọ́yà ìjọba, wọ́n á wò ó bóyá ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá lẹ́sẹ̀, ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n bá fọwọ́ sí ni "indictment".

Ibi tó dùn jù ni "voir dire", ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kí wọ́n tó mú èèyàn. Obìnrin tó jókòó tì mí ní olè ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù òun rí. Adájọ́ bi í bóyá ó lè fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ronú títí, ó ní òun ò lè parọ́, kò ṣeé ṣe. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé báàgì ẹ̀, ó di ilé. Inú mi fẹ́ máa bá a lọ, àmọ́ wọ́n ti mú mi.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa létí pé bí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání bá ṣì wà, ká dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀. Ẹjọ́ owó tàbí àdéhùn ò le tó bẹ́ẹ̀; ibi tí ìwọ̀n bá tẹ̀ sí, bó ti wù ó kéré tó, ni wọ́n ń gbà.

ỌmọTákìẹ́: Ọlọ́run á bá wa san án fún yín. Ṣé ó lè kọ̀ ọ́? Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ẹ̀rù ọ̀gá ẹ̀ ń bà á.

Ìsàlẹ̀Afọ́n_Texas: Kò gbọ́dọ̀ sọ ìwé yẹn nù. Ẹni tí kò yọjú láìsí ìdí lè san tó dọ́là 1,000, tàbí kó sùn sẹ́wọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá ẹ̀ ò lè tìtorí ẹ̀ lé e kúrò níbi iṣẹ́, òfin ò gbà á. Dọ́là 50 ni wọ́n ń san lójúmọ́, pẹ̀lú owó ọkọ̀. Bí àkókò ò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó kọ̀wé sí kóòtù pé kí wọ́n sún òun síwájú.

Àdùkẹ́_Ọ̀yọ́: Ẹ bá mi fi kún un: bí ẹnikẹ́ni bá pè é pé kó fi gift card san owó ìtanràn júrì, olè ni. Kóòtù kì í gba owó lórí fóònù.