Owó ẹgbẹ́ tí báǹkì dá padà: kí ni R01, R03 àti R10 ń sọ fún akápò?

Akápò-Houston
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Houston. Nípasẹ̀ ACH ni a ń gba owó oṣooṣù, ètò tí àwọn báǹkì Amẹ́ríkà fi ń fa owó láti inú àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn láìlo káàdì tàbí sọ̀wédowó. Ní oṣù yìí, báǹkì dá owó àwọn kan padà. Wọ́n kọ R01 síwájú orúkọ ẹnì kan, wọ́n kọ R03 síwájú ti ẹlòmíràn. Èyí tó kọ mí lóminú jù ni R10 tó wà níwájú orúkọ bàbá àgbàlagbà kan, nítorí pé oṣù tó kọjá ni owó tiwọn ti wọlé, a sì ti fi san owó gbọ̀ngàn. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó ní kí n kàn tẹ bọ́tìnì kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ fà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe?

Ọmọ-Ọ̀ṣun
Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. R01 ń sọ pé owó inú àkáǹtì kò tó. Nacha, àjọ tó ń ṣe òfin ACH, gbà kí ẹ tún un fà lẹ́ẹ̀mejì sí i láàrin 180 ọjọ́, ṣùgbọ́n iye tí ẹ kọ́kọ́ fà gẹ́lẹ́ ni kí ó jẹ́. Ẹ kò gbọdọ̀ fi owó ìtanràn kún un. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni náà léèrè ọjọ́ tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé, nítorí pé báǹkì rẹ̀ lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá fà á tí kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ní ti R03, báǹkì kò rí àkáǹtì náà, tàbí kí nọ́ńbà má bá orúkọ mu. Ẹ lè tẹ bọ́tìnì títí di ọ̀la, kò ní wọlé. Nọ́ńbà routing, èyí tó ń fi báǹkì hàn, ní òǹkà 9, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn sì ń dán àwọn yòókù wò, nítorí náà àṣìkọ tètè ń hàn níbẹ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀ tó kárí gbogbo báǹkì. Ẹ ní kí ẹni náà dà á kọ láti inú áàpù báǹkì rẹ̀, kì í ṣe láti ojú káàdì.

Ìyá-Maryland
R10 ni kí ẹ fọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú, akápò. Ohun tó ń sọ ni pé bàbá ti kọ̀wé fún báǹkì wọn pé àwọn kò fún ẹni tó fa owó náà láṣẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdápadà yòókù máa ń dé láàrin ọjọ́ iṣẹ́ báǹkì méjì, ṣùgbọ́n èyí lè dé títí di 60 ọjọ́, ìdí nìyẹn tí owó oṣù tó kọjá fi jáde. Ẹ má ṣe tún un fà láìsí àṣẹ tuntun. Kí ẹ tó rò pé bàbá ń sá fún owó, ẹ wo orúkọ tó ń hàn nínú àkọsílẹ̀ báǹkì wọn: bó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ agbowó ni, tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́, ta ni kò ní pariwo olè? Ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ náà yí i padà. Ẹ tọ́jú ìwé àṣẹ tí bàbá fọwọ́ sí pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé yẹn kò lè fa owó náà padà nínú ACH; àárín ẹ̀yin àti bàbá ni ẹ ó ti yanjú rẹ̀.

Ẹ má sì fojú kékeré wò ó. Ìwọ̀n tí Nacha fi lélẹ̀ fún irú ẹ̀sùn yìí ni ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ìgbà 100 tí ẹ bá fa owó, R10 kan ṣoṣo ti kọjá rẹ̀.

Akápò-Houston
Ẹ ṣé púpọ̀, mà. Màá lọ rí bàbá nílé.

Adágbà
Mo gbà pẹ̀lú wọn, àyàfi lórí R01. Èmi kì í tún un fà rárá. Mo máa ń ní kí onítọ̀hún fi owó náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láti báǹkì rẹ̀, nítorí pé owó tí kò bá sí nínú àkáǹtì rẹ̀, báǹkì rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbéra.