Ọkọ̀ àdáni láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Jos: ta ni kí n gbé ìyá mi lé lọ́wọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Ẹlẹ́rìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú àjò, ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbéyàwó ní Jos nínú oṣù Kejìlá, Màmá wa sì ti fàáké kọ́rí pé ìṣojú àwọn ni wọ́n máa ṣe é. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 75. Jos ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn, aṣọ ni wọ́n ń tà, inú ọjà ńlá tó jóná ní 2002 yẹn ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Bí mo bá ní ọ̀nà jìn, wọ́n á ní ṣé èmi ni mo fẹ́ fi ọ̀nà Jos han àwọn tó ń wọ rélùwéè ní Ọ̀fà, tí wọ́n ń jókòó sínú rẹ̀ títí dé Kafanchan kó tó yà gun òkè.

Orúnkún ni wàhálà. Wọn ò lè ká ẹsẹ̀ kò nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ bàálù, ẹ má wulẹ̀ dá a: wọ́n ní àwọn ò ní wọ ohun tí èèyàn ò lè pariwo "ó wà o!" nínú rẹ̀ kó sì dúró. Ọ̀nà tí kọ́ọ̀nà bá ti pọ̀, wọ́n máa ń bì. A máa jẹ́ mẹ́rin: Màmá, èmi, àbúrò bàbá mi àti ọmọ mi ọkùnrin. Ẹrù wà o, títí kan àpò láfún kan tí Màmá ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò lè rí irú rẹ̀ rà níbẹ̀.

Èèyàn méjì ló ti dá mi lóhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Sábó ní Corolla. Owó tó pè kò ga, ó ní epo wà lọ́rùn wa. Kò kọjá Àbújá rí, àmọ́ ó ní fóònù á júwe ọ̀nà fún òun. Mo bi í pé òkè Jos ńkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òkè ò ṣòro, pé tí òun bá ti ń sọ̀, fíríì lòun máa ń pa á sí, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀, epo ò sì ní lọ. Ẹnì kejì ní Sienna, ó gba dẹ́rẹ́bà sí i. Owó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ó ní gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀, kò sì sọ ohun tí "gbogbo nǹkan" jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú, kí sì ni kí n bi wọ́n kí n tó san owó?

Tóbi Under G

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má náwó dànù o. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àbújá, kí ẹ sanwó àga méjì fún Màmá, kí ẹ tún wọ òmíràn lọ sí Jos. Kò lè tó ìdajì owó Sienna yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Ẹlẹ́rìn

O ṣé, Tóbi. Mo ti rò ó. Tí ọkọ̀ bá kún, ọmọ ọlọ́mọ ló máa jókòó sí àga kejì yẹn, Màmá fúnra wọn ló sì máa ní kí wọ́n gbé e wá.

Àgbà Dẹ́rẹ́bà

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà Jos ni mo fi jẹun láti ayé Peugeot 504, nígbà tó jẹ́ pé bí o bá ju òkúta sínú ọjà Jos, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló máa bà.

Ọmọkùnrin onífíríì yẹn, má bá a lọ. Kì í ṣe nítorí Corolla, Corolla ń gun Jos dáadáa. Tí jíà bá wà nínú ọkọ̀, tí o gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ́ńjìn fúnra rẹ̀ á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Tí o bá pa á sí fíríì, kò sí ohun tó di ọkọ̀ mú mọ́ àfi bíréèkì. Lórí ìsọ̀kalẹ̀ kúkúrú, o lè mú un jẹ. Òkè Hawan Kibo tí ẹ máa gbà lẹ́yìn Akwanga, kọ́ọ̀nà lé kọ́ọ̀nà ni. Èèyàn á máa tẹ bíréèkì títí páàdì á fi gbóná, òórùn á máa wọlé bí ìgbà tí wọ́n ń jó rọ́bà lẹ́yìnkùlé. Tó bá gbóná kọjá bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì bíréèkì á hó nínú páìpù. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, ọkọ̀ ò dúró.

Epo tó ní òun ń ṣọ́ gan-an, kò ṣọ́ ọ. Ayé kabúrétọ̀ ni wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ yẹn wá. Ọkọ̀ òde òní tó ń lo ínjẹ́kítọ̀, tó bá wà nínú jíà tó ń sọ̀ kalẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà ò tẹ iná, ńṣe ló máa ń sé epo fúnra rẹ̀. Nínú fíríì ló ti ń mu epo, torí ẹ́ńjìn gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kó má baà kú. Mo ti sọ èyí fún àwọn ọmọ gáréèjì títí ó fi sú mi.

Nítorí náà, bi dẹ́rẹ́bà Sienna ní ìbéèrè kan, kí o sì dákẹ́ kó dáhùn: "Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Jos, jíà wo lẹ máa ń lò ní Hawan Kibo?" Tó bá ní òun á fà á sí 3 tàbí 2, tàbí òun á pa overdrive, jíà tó ga jù lọ, o ti rí dẹ́rẹ́bà. Tó bá ní òun á kàn rọra máa tẹ bíréèkì, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wá ẹlòmíràn. Jíà tí ọkọ̀ fi gun òkè náà ló yẹ kó fi sọ̀ ọ́.

Ṣé o ríi pé àbọ̀ ni mo ń sọ? Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù àlọ, torí pé ọkọ̀ ń gùn, ẹ́ńjìn ń pariwo. Àlọ kì í ṣe nǹkan. Kó pa éésì tí òkè bá ti le, kó má sáré, kó máa wo géèjì ìgbóná. Tó bá gbóná, kó wá ibi tó tẹ́jú páàkì, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí rédíétọ̀ lójú ẹsẹ̀, omi gbígbóná á bó o lójú. Kó má sún mọ́ ìdí tírélà tó ń gùn, torí wọ́n máa ń yọ̀ padà sẹ́yìn. Àbọ̀ ni kí o máa gbàdúrà fún, ìgbà yẹn ló ti rẹ dẹ́rẹ́bà, ó ti jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó, ilé ló ń sáré lọ.

Tí o bá mọ ìsọ̀kalẹ̀ Èfọ̀n Aláayè, níbi tí èèyàn ti ń yà ní Ìwàràjà lẹ́yìn Ilẹ́ṣà, ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọ́ àwọn ọmọ mi kí n tó jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sókè. Ẹni tó bá mú bíréèkì gbóná níbẹ̀, ọ̀nà Ìlọrin ló máa máa ná.

Ìyá Ìbejì, Jos

Àbúrò mi, ọmọ Ìjẹ̀rù ni mí, Jos ni mo ti ń ṣòwò títí di òní. Bàbá ti parí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, jẹ́ kí n bá ọ sọ ti ara Màmá.

Iwájú ni kí wọ́n jókòó. Ẹni tó bá ń bì, tó bá ń wo ọ̀nà níwájú, kì í yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á sì rí ibi nà sí. Mo mọ̀ pé àbúrò bàbá rẹ ló máa fẹ́ jókòó níwájú, ọkùnrin ilé wa ni, ẹ bá wọn sọ ọ́ nílé kí ọkọ̀ tó dé, má jẹ́ kó di ẹjọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kí Màmá má jẹ iyán lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Búrẹ́dì àti tíì tó. Fi èèpo ọsàn sọ́wọ́ wọn kí wọ́n máa gbóòórùn rẹ̀, kí o sì mú ọ̀rá tí kò jò. Ní bíi wákàtí méjì-méjì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n rìn díẹ̀, bí wọ́n tiẹ̀ ní kò rẹ àwọn.

Súwẹ́tà wọn, má dì í sísàlẹ̀ àpótí. Jos ga tó bíi 1,200 mítà sókè òkun, nínú oṣù Kejìlá ọyẹ́ á ti dé. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń gòkè báyìí ni atẹ́gùn á máa yí padà, etí lè dí wọn díẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù tàbí kí wọ́n máa gbé itọ́ mì. Ẹnì kan wá sí ìsìnkú lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú aṣọ léèsì nìkan, aṣọ ìbora onílé ni wọ́n fi bo léèsì náà mọ́lẹ̀ nínú gbogbo fọ́tò.

Ẹ má ní ẹ máa rìn ín ní ọjọ́ kan. Ẹ sùn ní Àbújá tàbí Kẹ́fí, kí ẹ gbéra ní kùtùkùtù, kí ẹ fi ojú ọ̀sán gun òkè. Agbègbè Riyom tí ẹ máa bọ́ sí lẹ́yìn òkè yẹn ti rí wàhálà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí o pè láàárọ̀ yẹn kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ sùn, kó bi àwọn tó wà lọ́nà léèrè bó ṣe rí.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Ẹlẹ́rìn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ àga iwájú yẹn, àfi bí ẹni pé ẹ wà nílé wa.

Bàbá, ẹ dákun, owó ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé onísienna fẹ́ rẹ́ mi jẹ?

Àgbà Dẹ́rẹ́bà

Ká jọ ṣírò rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ dé Jos láti Ìlọrin, Mókwà, Bídà títí dé Àbújá, o ń wo bíi 800 kìlómítà. Sienna tó kẹ́rù, tó gun òkè, tó bá rin kìlómítà mẹ́jọ lórí lítà kan, ó gbìyànjú. Ọgọ́rùn-ún lítà nìyẹn fún àlọ nìkan, àbọ̀ náà á sì tó bẹ́ẹ̀. Fi iye tí wọ́n ń ta epo lónìí sọ ọ́ di owó, kí o fi kún owó tí ọmọ Sábó pè. Wàá rí i pé àwọn méjèèjì ò jìnnà síra wọn mọ́.

Jẹ́ kó kọ "gbogbo nǹkan" yẹn sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: epo àlọ àti àbọ̀, owó ibodè, oúnjẹ dẹ́rẹ́bà, ibi tí dẹ́rẹ́bà máa sùn, àti ọjọ́ tó máa fi dúró dè yín ní Jos. Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ ni ọjọ́ ìdúró. Ẹ ní ọjọ́ méjì, ìyàwó ní ẹ má tíì lọ, ó di mẹ́rin, dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í ká ojú kò. Kí ẹ ti sọ iye tí ọjọ́ kan tó bá lé máa jẹ́. Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, olówó ọkọ̀ ni yóò tún un ṣe, òun náà ni yóò wá ọkọ̀ mìíràn fún yín, kó kọ ìyẹn náà. San ìdajì nígbà tí ẹ bá ń gbéra, ìdajì tó kù di ìgbà tí ẹ bá padà délé.

Wo nọ́ńbà ọkọ̀. Tó bá jẹ́ búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, ọkọ̀ àdáni ni lójú ìjọba. Pupa ni ti ọkọ̀ èrò. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ onínọ́ńbà búlúù gba owó, wọ́n lè dá a dúró lọ́nà kí ẹ wà nínú oòrùn pẹ̀lú ìyá àgbà, ìwé adójútòfò (insurance) ọkọ̀ rẹ̀ sì lè má bo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Béèrè ìwé, má tijú. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká ló wà nídìí rẹ̀ ní 1977, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988. Tọ́jú 122 sínú fóònù rẹ, òun ni nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti ọ̀nà, àwọn kan á ní kí ẹ gba Òmù-Àrán lọ sí Kàbà àti Lọ́kọ́ja. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti ọdún tó kọjá júwe fún ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ gan-an, kí dẹ́rẹ́bà lọ sí gáréèjì ní Ìlọrin, kó bi àwọn tó dé láti Àbújá lánàá.

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti èyí tó wà lẹ́yìn, fi ojú ara rẹ wò wọ́n. Kò tó kó dúdú kó sì máa dán, wọ́n ń kùn ún. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Ẹlẹ́rìn

Bàbá, mo ti bá dẹ́rẹ́bà Sienna sọ̀rọ̀. Mo bi í ní ìbéèrè yín, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀, ó ní 2 ni, ó ní ta ló rán mi. Nọ́ńbà ọkọ̀ pupa ni. Olówó rẹ̀ ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ó yọ owó ibodè kúrò, mo ní kó dá a padà, ó dá a padà. Ọmọ Sábó tún pè mí láàárọ̀ yìí, ó ti dínwó.

Táyà mẹ́ta ni mo rí nọ́ńbà wọn, 1124 ni méjì, ẹ̀kẹta jẹ́ 3417. Ẹ̀kẹrin àti èyí tó wà lẹ́yìn ò ní nọ́ńbà kankan lára. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Àgbà Dẹ́rẹ́bà

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n ṣe méjì yẹn, wọ́n dáa. Ọ̀sẹ̀ 34 ọdún 2017 ni ẹ̀kẹta, kó yọ ọ́ kúrò kí o tó san kọ́bọ̀, ì báà ní èékánná rẹ̀ ṣì gùn. Àwọn méjì tí o ò rí nọ́ńbà wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ pé sí lára táyà míràn. Dẹ́rẹ́bà náà ni kó tú ẹ̀kẹrin sílẹ̀ kó yí i padà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú. Lọ ní ọ̀sán, mú fóònù oníná dání.