Àṣìlù àti òjìji: lórí orúkọ ìléròrò tó ń bá jẹjẹrẹ rìn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá orúkọ Yorùbá fún pemphigus (àrùn tó ń mú kí awọ lé ròrò) tó ń bá jẹjẹrẹ rìn, èyí tí dókítà awọ Grant Anhalt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe lọ́dún 1990. Wọ́n ní "àrùn àjẹsára" ni ẹ̀yà rẹ̀, "ìléròrò jẹjẹrẹ" sì lorúkọ rẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Àjẹsára ti di ti abẹ́rẹ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ka "àrùn àjẹsára" á ní abẹ́rẹ́ ló fà á. Ẹlòmíì ní ká pè é ní "ìbáraẹnijà". Àwọn méjì tó ń na ara wọn nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀ṣọ́ ara, tó yẹ kó dojú kọ àrùn, ń lu desmoglein àtàwọn èròjà mìíràn tó so sẹ́ẹ̀lì awọ pọ̀. Ìdè já, omi ráyè sáàárín, awọ lé ròrò. A ní àṣìṣe, a ní àṣìgbọ́, kí ló dé tí a ò fi ní àṣìlù? Àrùn àṣìlù: ó kúrú, ó sì rọrùn lẹ́nu.

"Ìléròrò jẹjẹrẹ" ló burú jù. Òǹkàwé á rò pé jẹjẹrẹ ti yọ sí awọ. Bẹ́ẹ̀ lymphoma àtàwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mìíràn ló sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Jẹjẹrẹ kọ́ ló wà nínú omi ìléròrò. "Atẹ̀lé-jẹjẹrẹ" náà ò ṣe é lò, torí nígbà mìíràn egbò ẹnu tí kì í jẹ́ kéèyàn lè gbé nǹkan mì ló máa ń kọ́kọ́ yọjú, kí dókítà tó rí jẹjẹrẹ.

Èmi fara mọ́ "ìléròrò òjìji-jẹjẹrẹ". Òjìji lè ṣáájú ẹni, ó lè tẹ̀ lé e, síbẹ̀ òun kọ́ ni ẹni náà. Mo mọ ibi tó ti mẹ́hẹ: bí ẹni bá lọ, òjìji rẹ̀ a bá a lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè tọ́jú lymphoma kí ìléròrò má kúrò. Ti kókó àrùn Castleman (àrùn tó máa ń mú kí kókó ẹ̀ṣọ́ ara wú) sàn díẹ̀, torí bí wọ́n bá gé e kúrò, awọ lè padà bọ̀ sípò.

Ẹ má ṣe fi orúkọ yìí pe pemphigoid, àrùn ìléròrò mìíràn tó ń mú àgbàlagbà jù, èyí tí dókítà awọ Walter Lever yà sọ́tọ̀ kúrò lára pemphigus lọ́dún 1953. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kò ní jẹjẹrẹ rárá. Ìléròrò tirẹ̀ máa ń le, kì í tètè bẹ́. Ta ló ní orúkọ fún un?