Mọ́tò ń kú bó bá ti gbóná, kì í sítáàtì àfi bó bá tutù

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù oní-plọ́ọ̀gì mẹ́rin ni, oní-nọ́sù tó ń fọ́n epo. Bó bá ti gbóná dáadáa, á kàn kú lójijì lórí eré. Kíìkì á máa yí i bó ṣe yẹ, àmọ́ kò ní sítáàtì. Bó bá sinmi bí ìdajì wákàtí, á gbà wéré. Iná check engine kò tàn. Plọ́ọ̀gì àti bátìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Mẹkáníìkì ní kí n ra pọ́ǹpù epo. Ṣé kí n rà á?

Èsì 1
Ẹ má tíì rà á. Ṣé ó máa ń fà tìkọ̀ kó tó kú? Bó bá jẹ́ epo ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, agbára rẹ̀ á kọ́kọ́ dínkù, pàápàá bó bá ń gun òkè. Èyí tó kú lẹ́ẹ̀kan bí ẹni pa iná yàrá, iná ló sábà máa ń já níbẹ̀. Crank sensor ni mo kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bí crankshaft, irin ńlá inú ẹ́ńjìnnì, ṣe ń yí. Waya tín-ín-rín tí wọ́n ká sínú rẹ̀ lè já bí ooru bá mú un. Bó bá tutù, ẹnu waya á tún pàdé. Bí sensor yìí ò bá sì ránṣẹ́ mọ́, brain box, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ò ní mọ ibi tí crankshaft wà. Á dá iná plọ́ọ̀gì dúró, á dá nọ́sù dúró, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò á pa pọ́ǹpù pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di ẹ̀bi ru pọ́ǹpù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìbéèrè
Kì í fà tìkọ̀ rárá. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ dájú?

Èsì 2
Ìgbà tó bá ṣì kú lọ́wọ́ ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti tutù, ẹ ò ní rí nǹkan kan mú. Ẹ so scanner, ẹ̀rọ tó ń ka brain box, mọ́ ọn, kí ẹnì kan máa kíìkì, kí ẹ máa wo RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kó wà láàárín bíi 150 sí 250. Bó bá dúró sí 0 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, sensor tàbí waya rẹ̀ ni. Ẹ má gbára lé ti dashboard. Nínú mọ́tò míì, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbéra bí ẹ bá ń kíìkì. Ẹ wo pending code náà, kóòdù àṣìṣe tí kò tíì tan iná check engine, bóyá P0335, kóòdù crank sensor, wà níbẹ̀.

Bí RPM bá jáde, ẹ kọjú sí epo. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìkíìkì, pọ́ǹpù máa ń kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ fi relay míì (swíìṣì tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù) tí nọ́ńbà wọn bára mu dán an wò kí ẹ tó tú táǹkì. Bó bá ń kùn, ẹ fi gééjì wọn prẹ́ṣọ̀ rẹ̀: ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí ń fẹ́ 40 sí 60 psi, iye gan-an wà nínú ìwé mọ́tò yín. Ẹ ṣọ́ra o, bẹntiróòlù tó bá ta sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè gbiná.

Èsì 3
Kí ẹ tó so gééjì, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bó bá fa afẹ́fẹ́ wọlé, tí mọ́tò sì gbà lójú ẹsẹ̀, ihò afẹ́fẹ́ táǹkì ló dí.

Ìbéèrè
RPM dúró sí 0, plọ́ọ̀gì ò sì ṣáná.

Èsì 1
Ẹ kọ́kọ́ yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì sensor, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì wọ inú rẹ̀, tàbí bóyá exhaust ti jó waya rẹ̀. Bó bá jẹ́ oní-waya 2, ẹ fi míítà wọn ohm rẹ̀, bí waya inú rẹ̀ ṣe ń dènà iná, nígbà tó tutù àti nígbà tó gbóná. Bí míítà bá kọ OL (ìyẹn ni pé waya ti já) nígbà tó gbóná, ó ti kú nìyẹn. Oní-waya 3 sábà máa ń jẹ́ Hall, irú tó ń lo iná láti ṣiṣẹ́, ẹ má fi ohm wọ̀n ọ́n. Iná tó ń wọ̀ ọ́ ni kí ẹ wọ̀n, 5V tàbí 12V, kí ẹ sì rí i pé earth rẹ̀ dára. Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ nu ibi tó ń jókòó sí dáadáa. Mọ́tò míì wà tó jẹ́ pé ẹ ní láti fi scanner fi sensor tuntun han brain box, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná check engine lè máa tàn lásán.