Ẹ̀yin Krìstẹ́nì Ìbàdàn, kí ni ìgbàgbọ́ ń ṣe fún yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè lásán?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Bódìjà: Ẹ má sọ iṣẹ́ ìyanu ńlá fún mi o. Ti ojoojúmọ́ ni mò ń bèèrè. Èmi, kí n tó tú àpò, mo ti ka Sáàmù 121. Oníbàárà á bu èlùbọ́, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, á ní ó ní iyanrìn, á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Tẹ́lẹ̀, èpè ló ń wá sí mi lẹ́nu. Ní báyìí, "ẹ lọ ire" ni mò ń wí. Àwọn kan sì ń padà wá.

Dírẹ́bà Micra: Màmá, ẹ wá wakọ̀ ní Ìwó Road, ká wo bí ẹ ó ṣe máa wí "ẹ lọ ire" 😂

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Bódìjà: Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ "Olúwa ni olùṣọ́ àgùntàn mi" sẹ́yìn ọkọ̀, tẹ́ ẹ wá ń sáré bí ẹni tí kò ní olùṣọ́?

Dírẹ́bà Micra: Ẹ mà bá mi wí o. Ṣùgbọ́n èrò kan gbàgbé báàgì sọ́kọ̀ mi láti Mókólá. Owó wà ńbẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ mi ò sì tíì pé. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mò ń wo báàgì, báàgì ń wò mí. Fóònù inú ẹ̀ dún, mo gbé e. Mo dá gbogbo ẹ̀ padà. Àdúrà ni màmá yẹn fi lé mi lọ́wọ́. Àdúrà nìkan.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà: Kò fún yín ní kọ́bọ̀? Ahun!

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Àdùkẹ́, ẹni tó bá gba owó lórí ẹ̀ ti tà á nìyẹn. Èmi o, kí n tó gbaṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, mo máa ń dárúkọ àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń yè. Ṣùgbọ́n mi ò pe ẹnikẹ́ni ní "bẹ́ẹ̀dì kẹfà" mọ́.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà: Mo ṣì ní ahun ni.

Ọmọ Ọjà'ọba: Mùsùlùmí ni mí, èmi náà á dá báàgì yẹn padà. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ òru yín ń kọ́? Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ò jẹ́ ká sùn.

Ọmọ Kúdẹtì: Òótọ́ ni. Hinderer, míṣọ́nnárì òyìnbó ayé àtijọ́ yẹn, àti Anna ìyàwó ẹ̀ ò ní gbohùngbohùn kankan nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853.

Bàbá Agbowó: 1851 ni mo mọ̀.

Ọmọ Kúdẹtì: Ẹ̀yin náà jàre, bàbá. 1851 lọkùnrin yẹn kọ́kọ́ wá wo ìlú. 1853 ni tọkọtìyàwó wá jókòó. Nígbà ogun Ìjàyè tí ọ̀nà dí, ẹrù ilé ni wọ́n ń tà kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí nǹkan jẹ. Ìyẹn gan-an ni mo pè ní ìgbàgbọ́.

Ọmọ Ọjà'ọba: Ó ti wá di ogun Ìjàyè? Èmi ṣáà ní kẹ́ ẹ yí ẹ̀rọ yín wálẹ̀.

Àdùkẹ́ Mọ́níyà: Kẹ́yin náà yí ti ìdájí wálẹ̀ ná.