Imú ọmọ mi ti ń pọ́n lábẹ́ rọ́bà CPAP, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dámiláre: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Oyún ọ̀sẹ̀ 29 ni mo bí, ọmọ náà kò ju kílò 1.2 lọ. Wọ́n fi CPAP, ẹ̀rọ tó ń gba inú rọ́bà ti atẹ́gùn wọ imú, sí i nímú ní ọsibítù kó lè máa mí dáadáa, mo sì dúpẹ́, torí àyà rẹ̀ kò wọnú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo rí i pé ibi tó pín ihò imú rẹ̀ méjèèjì níyà ti pupa yòò, awọ ibẹ̀ sì ti fẹ́ máa bó. Ìyá ọkọ mi ní wọ́n máa fún mi ní òrí kí n fi pa á. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ ó jèrè rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ o! Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọ̀sẹ̀ 29 kò tíì gbó. Atẹ́gùn tí CPAP ń tì wọlé ni kì í jẹ́ kó pàdé. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí ni kí ẹ fi ibẹ̀ hàn, kí wọ́n tó pààrọ̀ ara wọn. Bí pupa yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bó, á di egbò. Tí wọn ò bá tètè mójú tó o, ẹran ibẹ̀ lè kú, kí imú ọmọ sì yí padà.

Àlàfo ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Rọ́bà náà kò gbọdọ̀ kan ògiri àárín imú, ó yẹ kí àyè bíi mìlímítà 2 wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ wo fìlà tó di ọ̀pá rẹ̀ mú: ó lè tóbi jù, kó máa yẹ̀. Wọ́n lè fa okùn rẹ̀ le jù. Rọ́bà tó kéré jù náà ń dá egbò sílẹ̀, torí atẹ́gùn á máa jò, wọn á sì máa tì í wọlé ṣáá.

Ìyá Ìbejì: Kẹ́yìndé mi rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń lẹ̀ mọ́ ara bíi pílásítà, wọ́n dá ihò méjì sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ imú rẹ̀ kí rọ́bà tó wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń fi rọ́bà àti ìbòmú kékeré ṣe pààrọ̀, kí ojú kan má baà máa jìyà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní in. Tí kò bá sí, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ fún yín kí ẹ rà á.

Bàbá Ayọ̀: Ẹ béèrè nípa omi inú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Atẹ́gùn gbígbẹ máa ń ha imú ọmọ.

Ìyá Dámiláre: Òrí ńkọ́, mà?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Rárá o, àti Robb pẹ̀lú. Rọ́bà á máa yọ̀, awọ tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ kò ní dì mú, a kì í sì í fi ọ̀rá sítòsí ọ́síjìn nítorí iná. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún màmá pẹ̀lú sùúrù, ìfẹ́ ọmọ ló mú wọn sọ ọ́.

Ìyá Dámiláre: Mo ti fi hàn wọ́n. Fìlà ni! Wọ́n ti fún un ní èyí tó kéré, àlàfo ti wà, wọ́n sì ní àwọn á máa wò ó lóòrèkóòrè. Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Àmín. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ibẹ̀ dúdú, ẹ ní kí wọ́n pe dókítà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.