Scanner tí ẹ̀gbọ́n mi kó wá láti Amẹ́ríkà ò gbọ́ panápaná kankan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Amẹ́ríkà wálé lóṣù tó kọjá, ó fún mi ní scanner rẹ̀, ìyẹn ráàdíò tó ń sáré lórí ìkànnì lóríṣiríṣi láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ níbẹ̀, Uniden BCD436HP ni, ó ní òun ló fi ń gbọ́ panápaná ìlú tí òun wà, pé tí wọ́n bá ti ń jáde báyìí òun á ti mọ àdúgbò tí iná wà. Ìgbà tó padà lọ ni mo tó tàn án. Ó béèrè ZIP code, nọ́ńbà àdúgbò tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ń lò, lọ́wọ́ mi, mo tẹ òdo márùn-ún, kò dáhùn, mo fi ti ìlú ẹ̀gbọ́n mi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí nọ́ńbà lóríṣiríṣi fún bíi wákàtí méjì, kò sí ohùn kankan, mo wá pa àwọn kan níbẹ̀ pé bóyá wọ́n ti pọ̀ jù, ló bá kọ "Nothing to scan" sójú, ibẹ̀ ló dúró sí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mi ò fẹ́ fi ṣeré o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àjàṣẹ́ mọ bí kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ìgò lórí tábìlì, jẹ́ríkánì lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Iná ti jó ìsọ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti màámi rí, àwa tí a wà nílé ò mọ̀, oní zém (ọ̀kadà) kan ló sáré wá sọ fún wa. Láti ìgbà yẹn tí mo bá ti gbọ́ fèrè wọn, àyà mi á já, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ti àwọn lọ́hùn-ún "trunked" ni, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi là á.

Kétu_ní_Maryland

Àbúrò, ẹ̀rọ ẹ ò bàjẹ́, má gbé e fún ẹnikẹ́ni pé kó tú u. Irú ẹ̀ gan-an ni mo lò fún ọdún mẹ́rin níbí. Káàdì kékeré kan wà nínú ẹ̀, orí ẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo ìkànnì Amẹ́ríkà àti Kánádà sí, ZIP code yẹn ló fi ń mọ èyí tó máa mú jáde. Kò sí Bẹ̀nẹ̀ níbẹ̀, kò sí ohun tí o lè tẹ̀ tó máa mú Àjàṣẹ́ wá. Nígbà tí o fi ti ìlú ẹ̀gbọ́n ẹ sí i, ìkànnì ìlú yẹn ló ń wá káàkiri lójú ọ̀run tiwa, báwo ló ṣe fẹ́ rí i?

Ní ti trunking, fetí sílẹ̀ dáadáa torí èyí ló ń dà gbogbo èèyàn láàmú. Láyé ìjọ́sí ìkànnì kan sí ẹgbẹ́ kan ni, panápaná ní tiwọn, ọlọ́pàá ní tiwọn, àwọn tó ń kó pàǹtí ní tiwọn, tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ ìkànnì yẹn á kàn jókòó lásán. Wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. Wo gáréèjì tó wà ní Ouando. Ká ní mọ́tò mẹ́wàá wà níbẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ti Pọbẹ̀ nìkan tàbí ti Kétu nìkan, ẹni tó ń pín èrò ló máa pariwo pé èrò Kétu, ẹ wọ pupa yẹn, èrò Sakété, ẹ lọ bá funfun. Ẹni tó ń pariwo yẹn ni control channel, kì í dákẹ́ tọ̀sán tòru. Èrò Kétu ni talkgroup, nọ́ńbà kan ni wọ́n fún un. Mọ́tò ni fíríkúẹ́ńsì. Tí o bá jókòó sínú mọ́tò pupa láti àárọ̀ tí o ò sọ̀ kalẹ̀, èrò Kétu lo máa kọ́kọ́ bá pàdé, tó bá di ọ̀sán èrò Sakété ló máa kún ibẹ̀, o ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kankan parí. Ìdí nìyẹn tí scanner tó mọ trunking fi ń gbọ́ ti ẹni tó ń pariwo náà kọ́kọ́, kó tó sáré tẹ̀ lé èrò tí o ní kó tẹ̀ lé, inú mọ́tò yòówù kí wọ́n wọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Mo máa so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó máa béèrè bóyá kó ṣí bíi káàdì, mo máa gbà, mo máa ṣí Sentinel, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ti Uniden fúnra wọn, màá gba àkọsílẹ̀ tuntun sínú ẹ̀, màá wá dá Favorites List kan sílẹ̀, màá wá county mi (bí ìjọba ìbílẹ̀), màá kó system wọn sínú ẹ̀ pẹ̀lú site, ìyẹn òpó tó sún mọ́ ilé mi jù, lẹ́yìn náà màá yọ gbogbo talkgroup tí kì í ṣe ti iná kúrò, màá kọ ọ́ padà sínú scanner. Oríṣi ìlànà ráàdíò ló wà. Tó bá jẹ́ P25 ni, control channel nìkan ti tó, òun fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún ẹ̀rọ ibi tí àwọn yòókù wà. Tó bá jẹ́ EDACS tàbí LTR àtijọ́, o gbọ́dọ̀ to fíríkúẹ́ńsì wọn ní ẹsẹẹsẹ, ọ̀kan tó bá ṣì ipò, gbogbo ẹ̀ dàrú.

Ohun kan fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ mí níyà. Mo ti to gbogbo ẹ̀ pé, scanner dákẹ́. Service Type ni, ibi tí o ti ń yan irú iṣẹ́ tí scanner máa gbọ́, mi ò tan Fire Dispatch àti Fire-Tac, ó ń gbọ́ wọn ó sì ń fò wọ́n. Bóyá ohun tí ìwọ náà pa nìyẹn tó fi kọ Nothing to scan, wò ó. Ohun kejì, tí àwọn panápaná bá ti wọ inú ilé tó ń jó, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń kúrò lórí trunking bọ́ sórí ìkànnì lásán tó ń ti ráàdíò ọwọ́ ẹnì kan lọ tààrà sí ti ẹnì kejì, kí ọ̀rọ̀ wọn má baà já tí ilé bá dí wọn mọ́ òpó. Ìkànnì yẹn, lọ́tọ̀ lo máa fi sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o máa gbọ́ pé wọ́n jáde, o ò ní gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Bàbá_Ráàdíò_Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun ọmọ Kétu, ẹ là á yé mi pàápàá. Ọmọ Àjàṣẹ́, má tíì fi nǹkan kan sínú ẹ̀rọ, kọ́kọ́ mọ irú ohun tó wà lójú ọ̀run níbi tí o wà. Ẹ̀rọ ẹ yẹn gbọ́ P25, tó bá jẹ́ DMR, ìlànà mìíràn, ìwọ lo máa sanwó kí Uniden tó ṣí i fún ẹ, ṣùgbọ́n TETRA àti TETRAPOL, ìlànà méjì mìíràn, kò lè gbọ́ wọn láéláé, bí o ṣe wù kí o to nọ́ńbà ẹ̀ tó. Mo ń sọ èyí torí pé ilẹ̀ Yúróòpù ò bá ti Amẹ́ríkà lọ, àwọn panápaná ilẹ̀ Faransé, ètò ráàdíò tí wọ́n ń pè ní ANTARES ni wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, TETRAPOL ni, ó sì wà láàárín 380 sí 400 MHz. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ra scanner Amẹ́ríkà olówó ńlá kí wọ́n tó mọ ìyẹn, ó dùn mí fún wọn.

Ra RTL-SDR, ohun bíi kọ́kọ́rọ́ USB ni, ó ń gbọ́ láti bíi 24 MHz dé 1700 MHz ó lé, fi sínú kọ̀ǹpútà kí o ṣí SDR#, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá a ṣiṣẹ́, kí o máa wo àwòrán ìgbì tó dà bí omi tó ń ṣàn wálẹ̀ lójú ẹ̀. Ohun tó bá ń tàn tí kì í kú rárá, tó fẹ̀ díẹ̀, tó ń hùn bí oyin inú igi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ control channel. Tó bá fẹ̀ tó 25 kHz, fura sí TETRA. Tó bá ń dún tatatata tó sì ń dákẹ́ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, DMR nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ ohùn èèyàn lo gbọ́ kedere, ìkànnì àtijọ́ lásán ni, kò sí trunking kankan, ẹ̀rọ tí ò tó ìdá mẹ́ta owó tìrẹ á gbọ́ ọ. Mo ti gbé tèmi gun orí àpáta wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ohun tí mi ò gbọ́ nílé, mo gbọ́ ọ níbẹ̀ ketekete, torí ìgbì yìí ò fẹ́ kí ohunkóhun dí i lójú.

Tí wọ́n bá sì ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ wọn (encryption), AES tàbí òmíràn, ó parí síbẹ̀. Ariwo lo máa gbọ́, kò sí scanner tí wọ́n ń tà tó ń ṣí i.

Zém_Jaune

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n kí ló dé tí ẹ ń dá ara yín láàmú, app wà lórí fóònù tó ń gbọ́ panápaná, mo ti rí i, ẹ kàn wa scanner radio jáde lórí Play Store

Kétu_ní_Maryland

Arákùnrin, app yẹn ò gbọ́ nǹkan kan fúnra ẹ̀. Ẹnì kan ló gbé scanner kalẹ̀ nílé ẹ̀ tó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ̀rọ ẹni yẹn bá gbọ́ ló ń bọ̀ lórí fóònù ẹ. Tí ẹnì kankan ò bá gbé tiẹ̀ kalẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ti Chicago lo máa máa gbọ́.

Adúkẹ́_Ọ̀nà_Sèmè

Ẹ má bínú sí mi, mo fẹ́ sọ tèmi torí ọ̀rọ̀ iná yìí sún mọ́ mi. Ọjọ́ 23 oṣù September 2023, ẹ rántí ibi tí wọ́n kó kpayo sí tó gbiná ní Sèmè-Kraké, ó kéré tán èèyàn 34 ló kú. Ọmọ mi, ohun tó o fẹ́ ṣe dáa, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ panápaná lórí scanner, àwọn tó ti pè wọ́n ló ń gbọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ rí èéfín ló yẹ kó pe 118. Kọ nọ́ńbà yẹn sára ògiri ìsọ̀ màmá ẹ pẹ̀lú chalk. Sì sọ fún wọn pé wọn kì í da omi sí iná epo, epo á léfòó lórí omi, iná á bá a lọ sí ìsọ̀ kejì, yanrìn ni kí wọ́n gbé sínú bókẹ́ẹ̀tì síbẹ̀.

Nǹkan kejì, gba àṣẹ. Code du numérique tiwa, ìwé òfin ẹ̀rọ ayélujára ní Bẹ̀nẹ̀, òfin 2017-20 ti 20 April 2018, dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ara wọn sọ lórí ẹ̀rọ. Ìwé òfin ráàdíò ti ITU, àjọ àgbáyé fún ìbánisọ̀rọ̀, náà, abala (article) 17, ní kí ìjọba má jẹ́ kí èèyàn máa gbọ́ ohun tí kì í ṣe ti gbogbo ayé láìgba àṣẹ. Àjọ ARCEP ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ fíríkúẹ́ńsì níbí, kọ lẹ́tà sí wọn, mú ẹ̀dà kan lọ bá àwọn panápaná fúnra wọn, ṣàlàyé ìdí. Tí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni.

Kétu_ní_Maryland

Òótọ́ ni màmá sọ o. Àní níbí tí òfin ti gbà kí èèyàn gbọ́ panápaná tí kò fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ ẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí ò fẹ́ rí scanner nínú mọ́tò èèyàn.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an màmá, ẹ ṣeun ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹfun ti wà lára ògiri, 1-1-8 gàdàgbà, màámi sì ti ní kí ẹni tó ń ta kpayo tó wà níwájú wọn gbé tábìlì ẹ̀ sí òdìkejì, wọ́n ṣì ń bá ara wọn sọ ọ́. Mo ti kọ lẹ́tà náà, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mò ń mú un lọ. Service Type ló pa ẹ̀rọ náà lóòótọ́, bí mo ṣe tàn án báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà. Mo wá fi Custom Search sí 118 dé 137 MHz, AM, bí mo ṣe kà á pé ibẹ̀ ni bàálù wà, ní alẹ́ àná mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń sọ Faransé wéréwéré, ó dárúkọ Cotonou, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ohùn ẹni tó wà nílẹ̀ tó ń dá a lóhùn ni mi ò gbọ́ dáadáa, ó ń jákujàku. Ṣé áńtẹ́nà ni àbí mo ti to nǹkan kan ṣì?

Bàbá_Ráàdíò_Ṣábẹ̀ẹ́

O ò ṣi nǹkan kan tò. Bàálù wà lókè, kò sí ohun tó dí i, ẹni tó wà nílẹ̀ ni ilé àti igi ń dí mọ́ ẹ. Áńtẹ́nà rọ́bà tó bá ẹ̀rọ yẹn wá kúrú jù. Pín 7500 sí ọ̀nà iye MHz tí o fẹ́ gbọ́, ohun tó bá jáde ni gígùn wáyà ní sẹ̀ǹtímítà. Fún bàálù, mú 127 ní àárín, wáyà á jẹ́ bíi 59. Fún ti ọkọ̀ ojú omi ní 156.8, bíi 48. Gé wáyà bàbà kan tó dúró ṣánṣán fún òkè, gé mẹ́rin sí i kí o tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ díẹ̀ bí ẹsẹ̀ àpótí, so ti òkè mọ́ wáyà àárín okùn áńtẹ́nà (coax), kí o so mẹ́rin yẹn mọ́ wáyà tó yí i ká. Òmíràn tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀ lo máa ṣe fún 380 sí 400 nígbà tí RTL-SDR bá dé, bíi 19 péré. Jẹ́ kí okùn tó máa wọlé kúrú bó ṣe lè kúrú tó, kí o sì so áńtẹ́nà mọ́ òkè òrùlé níbi tí kò ti kan páànù.